Sí Ìyá Àgbà Tó Lọ Ṣe Ìgbafẹ́ ní London

Ìyá Àgbà wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ tuntun. A gbọ́ pé ẹ gúnlẹ̀ láyọ̀, a sì rí fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp: ẹ wọ kóòtù tó gùn dé ọrùn ẹsẹ̀, ẹ wá dé fìlà òtútù lé gèlè lórí. Inú wa dùn, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Ìbàdàn níbí kí n tó la ẹnu, torí àbúrò tó bá fẹ́ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, bí kò bá kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀, wọn á ní ayé ti bà á jẹ́. Mo ti dìde. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀.

N kò ní dárúkọ yín. Ẹ pọ̀ ju ẹni tí a ń dárúkọ lọ. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní England àti Wales ní 2021, àwọn tí wọ́n bí ní Nàìjíríà tó ń gbé ibẹ̀ tó 270,000, ẹ̀yin kò sì sí nínú iye yẹn, torí àlejò ni yín. Ẹ wà ní Peckham, ẹ wà ní Dagenham, ẹ wà ní Thamesmead. Àwọn ẹgbẹ́ yín wà ní Houston àti Toronto. Nínú bàálù alẹ́ tó ń gbéra láti Ìkẹjà, ẹ máa ń jókòó ti ara yín, tí olúkúlùkù yín á máa fi fọ́tò ọmọ tuntun han ẹnìkejì bí ẹni pé ọmọ tirẹ̀ nìkan ni wọ́n bí lọ́dún yẹn. Ẹni tí lẹ́tà yìí bá bá mu, kó gbà á. Ẹ̀yin ará ìta tí ẹ ń bá wa kà á, ẹ fìdí mọ́lẹ̀. Ìyá tiyín náà lè wà níbẹ̀.

Ẹ̀sùn kìn-ín-ní. Kí lẹ sọ fún àwọn òyìnbó níbi tí ẹ ti gba físà? Ẹ ní ẹ fẹ́ lọ kí ọmọ yín, kí ẹ sì wo ìlú. Físà àlejò tí wọ́n fún yín, oṣù mẹ́fà ni ẹ lè lò lẹ́ẹ̀kan, kò sì fún yín láyè láti ṣiṣẹ́ gba owó. Ẹ kò purọ́. Ẹ kò gba kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ojúmọ́ ṣe ń mọ́ yín níbẹ̀. Aago márùn-ún ìdájí kò tíì lù dáadáa, ọmọ ti ké, ẹ ti dìde. Ìyá rẹ̀ ń sáré múra lọ síbi iṣẹ́, bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti iṣẹ́ òru bọ̀, ojú rẹ̀ pọ́n wẹ̀ẹ̀. Ẹ wẹ ọmọ, ẹ fún un lóúnjẹ, ẹ pọ̀n ọ́n, ẹ fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwé, ẹ padà dé, ẹ fọ abọ́, ẹ gbé ọbẹ̀ kaná, ẹ ká aṣọ, ẹ tún lọ mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bọ̀. Ààfin ọba tí ẹ ní ẹ fẹ́ wò ńkọ́? Ìlú tí ẹ rí kò kọjá ọjà Rye Lane àti ṣọ́ọ̀ṣì. Síbẹ̀, ẹ ó délé, ẹ ó wọ bàtà tuntun rìn wọ inú ìpàdé ẹgbẹ́, ẹ ó ní ẹ lọ gbafẹ́.

Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ránṣẹ́ pè yín, àwọn tó ń kàwé yìí náà sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Owó ilé ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ lọ́hùn-ún lè gbé owó oṣù ẹnì kan mì tán. Lóòótọ́, láti September 2025, ìjọba ti ń san owó wákàtí 30 lọ́sẹ̀ ní England fún àwọn òbí tó ń ṣiṣẹ́, láti ìgbà tí ọmọ bá ti pé oṣù mẹ́sàn-án, bí ilé ìwé kò bá ti sí ní ọlidé. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa tó fi físà iṣẹ́ wọ̀lú, wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan owó ìrànwọ́ ìjọba. Bí ọkọ àti ìyàwó bá jọ wà lábẹ́ ìwé bẹ́ẹ̀, wákàtí 30 yìí ti kọjá lórí ilé wọn. Wọ́n ń san owó orí, wọ́n ń san owó ìlera, wọ́n sì ń wo ọmọ aládùúgbò tó ń lọ jẹ́lé-ó-sinmi lọ́fẹ̀ẹ́. Ta ló kù? Ẹ̀yin ni. Ẹ̀yin ni wákàtí ọ̀fẹ́ tiwọn, ẹ sì ju 30 lọ lọ́sẹ̀.

Ẹ má rò pé mò ń sọ pé kí ẹ má lọ. Ẹni tó bá mọ bó ṣe rí kí bàálù tó sọ ọ̀nà di kúkúrú kò ní sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Láti nǹkan bí 1950 lọ, nígbà tí àwọn bàbá àti ìyá wa ń lọ kàwé nílẹ̀ òyìnbó, ọkọ̀ ojú omi bí Aureol ló ń gbé wọn láti Èkó lọ sí Liverpool, ìrìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lórí òkun. Ìyá àgbà wo ló máa gun omi fún ọ̀sẹ̀ méjì torí ọmọ wíwẹ̀? Ọkọ ń kàwé lọ́sàn-án, ó ń ṣiṣẹ́ lóru. Ìyàwó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé, onílé kò sì fẹ́ gbọ́ igbe ọmọ. Ni ọ̀pọ̀ nínú wọn bá ń polówó nínú ìwé ìròyìn Nursery World pé àwọn ń wá ẹni tí yóò bá àwọn tọ́ ọmọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ wa ló di èrò ilé òyìnbó lọ́nà yẹn. Adéwálé Akínnúoyè-Agbájé, òṣèré tí ẹ ti rí nínú fíìmù láìmọ̀ pé ọmọ wa ni, wọ́n bí i ní London ní 1967, wọ́n sì gbé e fún ìdílé òyìnbó kan ní Tilbury, ní Essex, nígbà tó ṣì wà ní ọmọ ọwọ́. Ó dàgbà tán, ó kórìíra àwọ̀ ara rẹ̀ débi pé àwọn ọmọ ìta tó ń lu aláwọ̀ dúdú ló lọ bá ṣẹgbẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ìtàn náà ṣe fíìmù Farming, tó jáde ní 2018. Ẹ má wò ó lọ́jọ́ tí ẹ̀jẹ̀ yín bá ń ru.

Àwọn òbí mìíràn dá ọmọ padà sílé sọ́dọ̀ ìyá àgbà, ní Ìjẹ̀bú, ní Oǹdó, ní Iléṣà. Ìyẹn náà ní tirẹ̀: ọmọ á mọ ìyá àgbà ní ìyá, ìyá tó bí i á wá di àǹtí tó ń fi bàtà ránṣẹ́ ní Kérésì. Nítorí náà ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Àgbà. Pé ẹ lè wọ bàálù lálẹ́ kí ẹ sì dé ọ̀dọ̀ ọmọ ọmọ yín kí ilẹ̀ tó mọ́, oore ńlá ni, mo sì fi ìka kan tẹlẹ̀ kí yín. Ìyìn ti tán. Ẹ jẹ́ ká padà sórí ẹjọ́.

Ẹrù yín. Àpò méjì ni wọ́n sábà ń gbà láyè, kílò 23 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń dì í. Èlùbọ́ wà níbẹ̀, gàrí Ìjẹ̀bú, ẹ̀gúsí lílọ̀, edé, òrí, adí, ọṣẹ dúdú, kàn-ìn-kàn-ìn tí ẹ ní tòyìnbó kò lè họ ìdọ̀tí, irú tí ẹ fi ọ̀rá wé, tí ẹ tún fi ọ̀rá wé ọ̀rá, tí gbogbo ilé ṣì mọ̀ pé irú ló wà níbẹ̀. Gbogbo ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n pọ̀nmọ́ tí ẹ ká sínú ìró ńkọ́? Òfin Britain kò gba ẹran tàbí wàrà láti ilẹ̀ wa wọlé. Ẹ mọ̀, ọmọ yín pè yín lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ní àdúrà ti lọ ṣáájú ẹrù. Ọjọ́ tí ajá aṣọ́bodè bá wá ìró yín dé ìdí, ẹ má pè mí. Ohun tó sì dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé gbogbo ohun tí ẹ rù lọ yẹn, tó fi mọ́ pọ̀nmọ́, wọ́n ń tà á ní Rye Lane. Ẹ ti lọ ra ata níbẹ̀ ní Sátidé tó kọjá. Ẹ ní tibẹ̀ kò dùn.

Ẹ̀sùn mìíràn ni ogun tí ẹ gbé ti nọ́ọ̀sì tó ń wá wo ọmọ nílé. Ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ ni, iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́. Ó ní kí ọmọ máa fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Ẹ ní ọmọ tó bá dojú bolẹ̀ ló ń sùn wọra. Ó kúrò nílé, ẹ yí ọmọ dà. Ìyá Àgbà, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Ní 1991 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìpolongo ní Britain pé kí wọ́n máa tẹ́ ọmọ sí ẹ̀yìn, láti ìgbà náà sì ni iye ọmọ tó ń kú lójijì lójú oorun ti wálẹ̀ gan-an. Ó ní kí wọ́n má fún un lómi títí yóò fi pé oṣù mẹ́fà, ọmú nìkan ti tó. Ẹ gbà pẹ̀lú ẹ̀rín, ẹ sì fi ṣíbí kékeré fún un lómi ní kọ̀rọ̀ ilé ìdáná. Nígbà tí ọwọ́ tẹ̀ yín, ẹ gbé ìbéèrè tí kò sí ẹni tó ń rí dáhùn kalẹ̀: "Ẹ̀yin tí mo fún lómi, ṣé ẹ kú ni?" A kò kú lóòótọ́. Àwọn tó kú kò sí níbẹ̀ láti dáhùn.

Oògùn eyín tí ẹ fi pamọ́ sínú báàgì náà, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ ti gbàgbé My Pikin. Ìparí 2008 ni, wọ́n po májèlé mọ́ oògùn eyín, ọmọ tó lé ní 80 ló bá a lọ ní ilẹ̀ wa. Òyìnbó tó bá ń wo ìgò tí kò lórúkọ lọ́wọ́ yín pẹ̀lú ìfura, kò kórìíra yín.

Níbi ọmọ wíwẹ̀ nìkan ni n kò ti bá yín jà. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, òrí ní àtẹ́lẹwọ́, ẹ fa apá, ẹ na ẹsẹ̀, ẹ tẹ orí jẹ́jẹ́, ọmọ á sùn fọnfọn títí ìyá rẹ̀ náà á fi rí oorun sùn. Kò sí fídíò tó lè kọ́ ènìyàn ní ìyẹn. Ẹ̀kọ gbígbóná tí ẹ ń fún ìyá ọmọ mu náà, ẹ kú iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó gbé mi kalẹ̀ kọ̀wé, torí gbogbo ohun tí mo ti ń sọ láti àárọ̀, ìbẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ ni.

Mo pè yín lórí fóònù lọ́jọ́ kan, ẹ gbé e ti apá kan, ẹ ń bá ẹ̀gbọ́n ọmọ tuntun sọ̀rọ̀. Kí ni mo gbọ́? "Kọ́ọ̀mù hía. Dóònù tọ́ọ̀ṣì ìtì. Sídáàn!" Mo wo fóònù bóyá nọ́ńbà ẹlòmíràn ni mo tẹ̀. Ìyá Àgbà! Ẹ̀yin tí ẹ ta aṣọ ní ọjà Gbági títí ọmọ yín fi jáde yunifásítì, tí oníbàárà tó bá yà sọ́dọ̀ yín láti bèèrè ọ̀nà máa ń ra ìgàn kan kó tó rí ọ̀nà lọ! Ẹ̀yin tí ẹ lè bú ènìyàn kí ó máa dúpẹ́, tó máa délé kó tó mọ̀ pé wọ́n bú òun! Ẹ fi gbogbo ẹ̀bùn yẹn sílẹ̀ nílé, ẹ ru pọ̀nmọ́ lọ, ẹ wá ń fi Gẹ̀ẹ́sì ìwé mẹ́fà bá ọmọ ọdún mẹ́rin fà á. Ọmọ náà sì ń tún un ṣe fún yín. Ó ní, "No, Grandma," ó sì sọ bí wọ́n ṣe ń pè é. Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ ní ọmọ yìí mọ̀wé.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ wà lọ́jà. Orí ọmọ dúró ṣinṣin; ahọ́n rẹ̀ ló wọ́.

Ẹ jẹ́ ká rò ó pọ̀. Gẹ̀ẹ́sì wà níléèwé ọmọ náà, ó wà lórí tẹlifíṣọ̀n, ó wà nínú bọ́ọ̀sì, ó wà lẹ́nu aládùúgbò, ó wà lẹ́nu ìyá àti bàbá rẹ̀ tó ń fi í bára wọn jà. Bí ọmọ náà bá tilẹ̀ sá fún un, kò lè ríbi sá sí. Nínú gbogbo ènìyàn tí ọmọ yẹn ń rí láàrin Mọ́ńdè sí Sọ́ńdè, ẹ̀yin nìkan ni ẹ gbé Yorùbá délé. Abọ́ tí ẹ ń fọ̀, ẹ̀rọ lè fọ̀ ọ́, ó wà lábẹ́ káńtà ilé ìdáná, ẹ ní kò mọ́ tó. Aṣọ tí ẹ ń ká, bàbá ọmọ lè ká a, ọwọ́ rẹ̀ kò rọ. Wọ́n ń lo apá yín àti ẹ̀yìn yín lójoojúmọ́, ohun kan ṣoṣo tí kò sí lọ́jà Rye Lane, èyí tó wà lẹ́nu yín, ẹ dì í mú, ẹ kò fún ẹnikẹ́ni.

Mo mọ àwáwí tí ẹ máa gbé wá, torí ẹ ti gbé e wá. Ẹ ní ìyá ọmọ ló ní kí ẹ má kó èdè méjì jọ sí i lórí, kó má baà rẹ̀yìn níléèwé. Kí ẹ bá mi sọ fún ìyá ọmọ pé ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ mú àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n fi Yorùbá kọ́ wọn ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, àwọn ọmọ Yorùbá yìí kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa jù wọ́n lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ó ti tó bí àádọ́ta ọdún tí èsì yẹn ti wà nílẹ̀, a ṣì ń bẹ̀rù pé Yorùbá máa kó bá ọmọ. Ẹ má sì fi ìjọba wa gbèjà ara yín. Wọ́n ṣe ìlànà ní 2022 pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní November 2025 wọ́n wọ́gi lé e. Ìjọba lè ṣe bó ṣe wù ú. Ẹ̀yin kì í ṣe ìjọba, ìyá àgbà ni yín.

Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ wa lọ sí Kúbà àti Bahia ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kò sí físà, kò sí WhatsApp, kò sí bàálù ọdọọdún. Ẹgba ni wọ́n ń jẹ lóko ìrèké. Síbẹ̀, títí di òní, ọmọ ọmọ ọmọ wọn ṣì ń fi Yorùbá kọrin kí òrìṣà, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Lukumí àti Nagô. Àgbà ibẹ̀ ló sọ ọ́ sí ọmọdé létí. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sórí àga tìmùtìmù, tí ọmọ ń gun yín lórúnkún fúnra rẹ̀, ẹ ní kò ráyè gbọ́.

Kó sì má jẹ́ pé n kò mọ ohun tí ẹ lè ṣe. Ní ìdájí ọjọ́ kan, ẹ rò pé ẹ ti pa fóònù, ọmọ ọwọ́ ń ké, ni mo gbọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Ẹ pè é ní Àṣàkẹ́, ẹ kó baba ńlá wa jọ lé e lórí láti Ọ̀yọ́ dé Ìbàdàn, ẹ kò kọsẹ̀ rárá. Igbe dá. Èmi tí mo ti tó bàbá àgbà fúnra mi, ara mi bù máṣọ. Ilẹ̀ wá mọ́, ìyá rẹ̀ wọlé, ẹ yí ahọ́n padà: "Gúdù gẹ́ẹ̀lì!"

Ọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀ náà wà níbẹ̀, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin na ọwọ́ sí yín láti orí àga, ó ní "Hi, Grandma," ẹ ní "Háì, mai dalin." Ìyá ọmọ yẹn, nígbà tó wà lọ́mọdé, dúró kí àlejò nílé yín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo wà níbẹ̀. Kò tún dúró kí ẹnikẹ́ni mọ́.

Ẹ̀sùn kẹjọ ni tàbí ìkẹsàn-án? Ẹ jẹ́ ká pè é ní ti ẹnu dídì. Bí a bá bi yín bí London ṣe rí, ẹ ní ó dùn. Ẹ kò sọ pé ní December ilẹ̀ ti ṣú kí aago mẹ́rin tó lù, pé ilẹ̀kùn wà ní títì láti àárọ̀, pé aládùúgbò tí ẹ kí lójú fèrèsé sáré fa aṣọ fèrèsé bò ó. Ẹ kò sọ fún ọmọ yín pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹ gbé láti ilé ti ń tán, pé ọ̀kan lẹ ń dá sí méjì jẹ. Ẹ gbọ́ pé àlejò tó bá dùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba lọ́hùn-ún, wọ́n lè gba 150% iye tí ìtọ́jú náà jẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ kò sì fẹ́ kó gbèsè bá ọmọ. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣubú sílẹ̀ nílé ìdáná, ṣé iye yẹn á dín?

Níbí, mo fẹ́ yà sọ́dọ̀ ẹ̀yin ọmọ díẹ̀, torí mo mọ̀ pé ẹ ń yọjú kà á léjìká Mọ́mì. Òfin tí ilẹ̀ tí ẹ wà ṣe ní July 2012 sọ pé òbí tó bá fẹ́ wá bá ọmọ rẹ̀ gbé pátápátá gbọ́dọ̀ fi hàn pé ara òun ti kọṣẹ́ débi pé wíwẹ̀ àti wíwọṣọ nílò olùrànlọ́wọ́, pé òun kò sì lè rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ gbà nílé, kódà bí ẹ̀yin bá ń fi owó ránṣẹ́. Ìwọ̀nba ló ń rí i gbà. Kánádà lawọ́ díẹ̀: láti December 2011 ni wọ́n ti ní físà pàtàkì fún òbí àti òbí àgbà, ọdún márùn-ún ni wọ́n sì lè lò lẹ́ẹ̀kan báyìí, ṣùgbọ́n ọmọ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí owó tó ń wọlé fún un hàn, kó sì ra ìnṣọ́ránsì ìlera tí kò dín ní $100,000 owó wọn. Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ sọ ọ́ ní July 2025 pé físà àlejò fún ọmọ Nàìjíríà di ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan, tí yóò sì kú lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ẹ rí bó ṣe lọ? Nígbà tí ìyá yín lágbára láti pọn ọmọ yín, àlejò ni. Ọjọ́ tí agbára bá tán tó fẹ́ kí ẹ pọn òun náà, ẹnubodè ló máa bá pàdé. Ẹ ra oògùn fún wọn lónìí. Ẹ fọ abọ́ yín.

Ó ku Bàbá. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú abọ́ ọbẹ̀ tí ẹ fi nọ́ńbà sí lára nínú fíríìsà, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ ṣe ìdánwò. Bàbá ló sọ ọmọ tuntun lórúkọ lórí fóònù ní ọjọ́ kẹjọ, wọ́n gbàdúrà títí kírédíìtì fi tán, láti ìgbà náà ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n ń fún wọn lọ́sẹ̀. "How is school?" "Fine." Ó parí. Bàbá tó mọ ẹni tó tẹ agbo ilé wa dó, tó mọ ìdí tí a kì í fi í jẹ eku kan báyìí, tó ń pa àlọ́ tí àwọn ọmọ àdúgbò fi ń sùn sí ẹnu ọ̀nà wa! Ẹ gbé fóònù fún ẹ̀gbọ́n ọmọ náà lálẹ́ Sátidé, kí ẹ jókòó tì í, kí Bàbá pa àlọ́ kan ní Yorùbá tán láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń túmọ̀. Ohun tí kò bá yé e, ẹ jẹ́ kó bèèrè. Kó sì bèèrè ní Yorùbá.

Ìyá Àgbà, ẹ dákun, ẹ má bínú sí àbúrò yín. Físà yín kù díẹ̀ kó parí. Láti ọ̀la lọ, bí ọmọ náà bá bá yín sọ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má ṣe dá a lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì, bó ti wù kí ìyá rẹ̀ wò yín tó. Ẹ kì í gba owó, kò sì sí bí wọ́n ṣe máa lé yín lẹ́nu iṣẹ́. Bàbá kí yín. Nọ́ńbà mọ́kànlá ni wọ́n jẹ lánàá, òun ló gbẹ̀yìn nínú fíríìsà.